Ẹ Bi Í Pé Nọ́ńbà Wo Ló Ń Gbá

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ n fa àga yìí mọ́ra. Ṣé ẹ̀yin náà ti gbọ́ pé ọmọ ẹ̀yìnkùlé wa, èyí tó ń tún fóònù ṣe lójú títì, tó sì ń gbá bọ́ọ̀lù, lóun fẹ́ du ipò kánsẹ́lọ̀? Ẹnu Bàbá Onílé ni mo ti gbọ́, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní agbábọ́ọ̀lù lásán-làsàn, ẹni tí kò níṣẹ́ ju kó máa sáré tẹ̀lé awọ kiri pápá lọ, kí ló fẹ́ lọ sọ ní káńsù?

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Kì í ṣe nítorí ọmọ náà o, owó tí mo fún un kó fi ra gíláàsì fóònù mi ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ di bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó dùn mí ni pé Bàbá Onílé ò béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè. Ẹni tó bá ti orí pápá bọ́ sínú òṣèlú, a kì í bi í pé ṣé agbábọ́ọ̀lù lè ṣèjọba. Nọ́ńbà wo ló ń gbá? Ìyẹn là á bi í. Torí pé ohun tí ọwọ́ àbí ẹsẹ̀ èèyàn bá ti mọ̀ ọ́n ṣe láti kékeré, òun náà ni yóò máa ṣe tó bá dé ilé aṣòfin, ẹ fi agbádá bò ó o, ẹ fi fìlà dé e o. Aṣọ́lé ni ọmọ tiwa. Ẹ ò wá rí bó ṣe di owó mi mú?

Mo ní ẹ̀rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà tó ń wa tírélà ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ní Amẹ́ríkà. Òun ló máa ń fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, tí dátà mi kì í fi í pé ọ̀sẹ̀. Òun ló fi ti ọkùnrin kan ránṣẹ́, Jim Bunning lorúkọ ẹ̀, ọmọ Kentucky níbẹ̀ ni, ọdún 1931 ni wọ́n bí i. Bésíbọ́ọ̀lù ló fi ṣiṣẹ́ jẹun kó tó di sẹ́nétọ̀. Ẹ má bojú jẹ́, kò le. Ẹnì kan á dúró lórí òkìtì kékeré láàárín pápá, bọ́ọ̀lù á wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò tóbi ju ọsàn tí mo ń tà yìí lọ. Ẹnì kejì á dúró lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú kùmọ̀. Ti òkìtì á máa wá bí yóò ṣe ju bọ́ọ̀lù náà tí oníkùmọ̀ ò fi ní rí i gbá. Oníkùmọ̀ á máa wá bí yóò ṣe gbá a lọ sí ibi tí ojú ò tó. Tí kùmọ̀ bá fẹ́ atẹ́gùn lásán lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ lọ jókòó, ó parí. Mẹ́ta bá ti jókòó, ó di kí àwọn tọ̀hún wá gbá tiwọn. Ìgbà mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ta ni kò sọ òkò sí máńgòrò rí ní Ẹdẹ? Iṣẹ́ yẹn náà ni, àfi pé máńgòrò tiwọn ń fi igi gbèjà ara ẹ̀.

Ká tiẹ̀ sọ òótọ́, ẹni tó ń ju nǹkan tó wá di aláṣẹ, ṣé ó yẹ kó ya ọmọ Ẹdẹ lẹ́nu? Tìmí Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, ṣebí ọfà ló ń ta. Àwọn àgbà sọ fún wa pé Ṣàngó ló rán an láti Ọ̀yọ́ kó wá máa dá àwọn ajagun Ìjẹ̀ṣà dúró, ibi tó jókòó sí ló di ìlú yìí. Ọfà ẹ̀ ń gbiná. Ẹnikẹ́ni ò bi í pé ṣé ó ní ìwé mẹ́wàá.

Ẹ padà síbi òkìtì. Bọ́ọ̀lù náà funfun, òwú pupa ni wọ́n fi rán an, ojú rírán yẹn sì yọ síta díẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ mi: ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín lórí ojú rírán, àtàǹpàkò nísàlẹ̀. Bó bá fẹ́ tú u sílẹ̀, á yí ọrùn ọwọ́ díẹ̀, díẹ̀ báyìí. Bọ́ọ̀lù á máa bọ̀ tààrà, oníkùmọ̀ á ti gbé kùmọ̀, ó ku ìṣísẹ̀ kan kó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, bọ́ọ̀lù á ṣẹ́ kọ́nà. Bunning kì í sì í dúró ṣinṣin tó bá jù ú. Gbogbo ara ẹ̀ ló ń bá bọ́ọ̀lù lọ, á wó sí apá òsì débi pé ìbọ̀wọ́ ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ọmọ Ìyá Alákàrà wo fídíò yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, ó mú ọsàn mi kan, ó wó sí òsì bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọsàn ò ṣẹ́ kọ́nà. Tánkì Bàbá Onílé ló bá, wọ́n sì ní èmi ni n ó sanwó tánkì. Ẹ̀yin ẹ bá mi dá ẹjọ́ yẹn nígbà míì.

Detroit Tigers ni Bunning ti bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ó lọ sí Philadelphia Phillies ní 1964. Ọdún yẹn lẹ ó gbọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn bàbá lọ́hùn-ún, wọ́n lọ bá New York Mets ní pápá Shea. Ọmọ méje ni Bunning ti bí nígbà yẹn. (Mẹ́sàn-án ló padà pé, ìyàwó kan ṣoṣo ló sì bí gbogbo wọn fún un, Mary lorúkọ ẹ̀. Ẹ má sọ fún Alhaja òdìkejì pé èmi ló sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní mo ń bú wọn.) Mary àti ọmọbìnrin wọn àgbà wà lórí ìjókòó, wọ́n ń wòran. Oníkùmọ̀ 27 ló jáde sí ọkùnrin yìí, 27 ló padà lọ jókòó. Ẹyọ ẹnì kan ò dé ibùdó kìn-ín-ní tí oníkùmọ̀ ń sáré lọ tó bá rí bọ́ọ̀lù gbá. Ìjù 90 péré ló fi parí ẹ̀. Ọdún 84 ni irú ẹ̀ ò ti ṣẹlẹ̀ ní líìgì tí Phillies àti Mets wà.

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé èèwọ̀ ni láàárín wọn. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ti ń rúwé bọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á sún jìnnà sí i, wọ́n á máa wolẹ̀, kí orí má baà gbọ́ kó sì yí padà. Bunning ò gbà. Ẹnu ẹ̀ ò dákẹ́. Òun ló ń sọ fún wọn pé kí wọ́n da ara wọn sílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù, pé iṣẹ́ ò tíì tán. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó pe Gus Triandos, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn oníkùmọ̀, wá sórí òkìtì. Triandos rò pé ọgbọ́n ogun ló fẹ́ bá òun dá. Bunning ní kó jọ̀ọ́, kó dá àpárá kan fún òun. Triandos wá inú, wá ẹ̀yìn, kò rí àpárá kankan rántí. Ká ní èmi ló pè ni! Bọ́ọ̀lù ìbá jábọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, Mets ìbá sì borí.

Nítorí náà, ẹ fi sọ́kàn: ẹni tó ń dá dúró lórí òkìtì, tí kò ka èèwọ̀ ẹgbẹ́ sí. Ẹ tún fi èyí kún un: nínú gbogbo ọdún tó fi ju bọ́ọ̀lù, ìgbà 160 ló jù ú lu oníkùmọ̀ lára. Oníkùmọ̀ tó bá ti ń sún mọ́ òkìtì jù, Bunning á fi bọ́ọ̀lù sọ fún un pé kó sún sẹ́yìn. Ó borí nínú ìdíje 224, ìgbà 2,855 ló dá oníkùmọ̀ padà sí ìjókòó nípa pé kùmọ̀ wọn ò bá nǹkan kan. Eré ṣáà lẹ rò pé ó jẹ́. Ní ìparí 1964 yẹn kan náà, Phillies ń ṣáájú gbogbo ẹgbẹ́, ó ku ìdíje 12, ife ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán. Olùkọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Bunning jáde lẹ́yìn ìsinmi ọjọ́ méjì péré, apá tí kò tíì sinmi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá léraléra ni wọ́n fìdí rẹmi. Ife lọ.

Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó mọ̀ pé òṣìṣẹ́ nílò ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀. Ní 1966, ó wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wá Marvin Miller rí, ọkùnrin tó sọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn di kìnnìún. Ẹ má gbàgbé èyí o. Mo máa padà síbẹ̀.

Ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 1971. Káńsù ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Fort Thomas ló kọ́kọ́ wọ̀, ní 1977. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, kánsẹ́lọ̀ ni! Ẹ bá mi sọ ìyẹn fún Bàbá Onílé. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ó du gómìnà ní 1983, obìnrin kan, Martha Layne Collins, ló fẹ̀yìn ẹ̀ balẹ̀. Kò kú, kò sì sá. Ó wọ ilé aṣòfin kékeré ní Washington ní 1987, ó lo ọdún 12 níbẹ̀, ó wá du sẹ́nétọ̀ ní 1998. Nínú ìbò tó lé ní mílíọ̀nù kan, 6,766 péré ló fi ju alátakò ẹ̀ lọ.

Ẹ ní 6,766 kéré? Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ ti gbàgbé ìdìbò gómìnà tiwa ní Ọ̀ṣun ní 2018 ni? Ademola Adeleke, ọmọ ìlú yìí, ló kọ́kọ́ fi ìbò 353 ṣáájú. INEC tó ń ṣètò ìbò ní ìdìbò ò tíì parí. A tún ìbò dì ní ibùdó méje, ó wá di pé alátakò ẹ̀, Oyetola, fi 482 borí. 482! Àwọn tó jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù níbi ìgbéyàwó ọmọ Alhaja ju 482 lọ, èmi ni mo gé ẹran, mo mọ iye àwo tó jáde. Ojúlé méjì ní àdúgbò Alajue ìbá dí àlàfo yẹn. Àfìgbà tó di 2022 ni ọkùnrin náà tó fi ìbò tó lé ní ẹgbẹ̀rún 28 gbà á padà, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì fọwọ́ sí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ohun tí wọ́n fi ń bú u nígbà yẹn náà kọ́ ni Bàbá Onílé fi ń bú ọmọ ẹ̀yìnkùlé yìí? Wọ́n ní oníjó ni. Àwọn ará òde ló ń sọ bẹ́ẹ̀, èmi ò dá wọn lẹ́bi, wọn ò mọ Ẹdẹ. Tìmí Adétóyèṣe Láoyè tó wà lórí ìtẹ́ láti 1946 títí di 1975, ṣebí fúnra wọn ni wọ́n ń lu dùndún, tí aráyé ń gbọ́. Ìlú tí ọba ń lùlù, ṣé gómìnà ò wá gbọdọ̀ jó ni? Wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí dé. Ilé ẹjọ́ sí ilé ẹjọ́. Ọkùnrin náà dìde, ó ti lé lẹ́ni 60, ó lọ jókòó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Atlanta, ó gba dìgírì ní 2021. Àwọn tó ń bi í léèrè ìwé mẹ́wàá ò mọ ohun tí wọ́n máa bi í mọ́. Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí yìí, ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń bọ̀ wá ṣe wá lóore.

Níbo ni mo bá a dé? Bunning, sẹ́nétọ̀.

Wàyí o, ní oṣù kejì 2010, owó ìrànwọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún àwọn aláìríṣẹ́ṣe fẹ́ tán. Ọ̀pọ̀ nínú ilé gbà kí wọ́n fi ọjọ́ kún un. Òfin wọn ní bí ẹnì kan ṣoṣo bá ti sọ pé òun ò gbà, ọ̀rọ̀ náà ò lè sáré kọjá. Ẹnì kan ṣoṣo yẹn ta ni? Ẹni tó ń dá dúró lórí òkìtì ni! Bunning dìde, ó ní bílíọ̀nù 10 dọ́là yẹn, níbo lẹ ti fẹ́ rí i? Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀ gan-an ń wolẹ̀. Àwọn alátakò ń bẹ̀ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kì í ṣe àwọn nìkan ni ìyà ń jẹ, pé ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí Kentucky ń gbá lọ́wọ́ ń kọjá lọ lójú òun. Nǹkan bí òṣìṣẹ́ ìrìnnà ẹgbẹ̀rún méjì ni wọ́n ní kó jókòó sílé nítorí ẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kẹta ló tó yọ ọwọ́. Ẹni tó wá Marvin Miller rí fún òṣìṣẹ́ nìyẹn o! Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé báwo ló ṣe jẹ́. Ó ní àwọn kan ń yìn ín níbẹ̀ pé òun nìkan ló bìkítà nípa gbèsè ìlú. Èmi ò rí gbèsè. Oníkùmọ̀ tó sún mọ́ òkìtì jù ni mo rí, mo sì rí bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ ní agbárí ẹ̀.

Ó kú ní 2017. Wọ́n ti gbé e wọ ilé àwọn àgbà bésíbọ́ọ̀lù láti 1996. Phillies sì ti fi nọ́ńbà aṣọ ẹ̀ pa mọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́. Nọ́ńbà 14.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? 14! Nítorí pé ẹlòmíràn wà ní ìtòsí wa níbí tí wọ́n fi 14 tiẹ̀ náà pa mọ́, òun sì ni mo tìtorí ẹ̀ gbé àga wá. George Weah, ti Láìbéríà.

Ní Clara Town ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, àdúgbò akúṣẹ̀ẹ́ ní Monrovia, ìyá bàbá ẹ̀ ló sì tọ́ ọ. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó mówó wá? Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba ló wà, ó ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Onífóònù lòun náà! Ẹ bá mi sọ ìyẹn náà fún Bàbá Onílé. Láti ibẹ̀ ó gba Kamẹrúùnù, Arsène Wenger mú un lọ sí Monaco ní 1988, ó dé Paris, ó dé AC Milan, ní 1995 wọ́n sì fún un ní bọ́ọ̀lù wúrà tí wọ́n ń fún ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù. Ọmọ Áfíríkà mìíràn ò tíì gbà á títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Nọ́ńbà wo ló ń gbá? Iwájú pátápátá, ẹni tí wọ́n ń wò pé kó jẹ gólì. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí tó jẹ lọ́jọ́ 8 oṣù kẹsàn-án 1996 sáwọ̀n Verona. Verona gbá kọ́nà, bọ́ọ̀lù balẹ̀ níwájú ilé Milan, Weah ló gbà á lẹ́sẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù mìíràn ìbá gbá a sí iwájú, kó sinmi. Weah bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó kọjá ẹni kìn-ín-ní, ó kọjá méjì pọ̀, ó ta yípo láàárín wọn, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó kọ̀, kò fún ẹnikẹ́ni. Ó sá gbogbo gígùn pápá tán, ó wá fi bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ohun tí mò ń wí nìyẹn. Gbogbo ìgbésí ayé òṣèlú ẹ̀, mo rí i nínú gólì yẹn: ó gbà á lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó ń dá sáré, kò bojú wẹ̀yìn.

Kódà kó tó ṣòṣèlú ló ti ń dá a sá. Nígbà tí ogun ń jà ní Láìbéríà, òun ló ń ra aṣọ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn, òun ló ń sanwó ọkọ̀ òfuurufú. Ó gbá a, ó kọ́ wọn, ó bọ́ wọn. Ìdíje tí yóò gbé wọn lọ sí Ife Àgbáyé 2002 ló wá kù. Ta ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀? Àwa ni! Nàìjíríà ní àmì 16, Láìbéríà ní 15. Àmì kan ṣoṣo. Ìyá Ìbejì, mo rántí bí a ṣe ń pariwo ní àdúgbò yìí, kò sí ẹni tó ronú kan ọkùnrin tó ná owó ara ẹ̀. Kò gbá Ife Àgbáyé rí títí tó fi bọ́ bàtà. Ọmọ ẹ̀, Timothy, ló padà gbá a ní Qatar ní 2022, ó sì jẹ gólì sáwọ̀n Wales, àmọ́ Amẹ́ríkà ló gbá a fún. Bàbá ti di ààrẹ nígbà yẹn, ó lọ wòran, ó ju oṣù kan lọ tí kò fi sí nílé, àwọn ará Monrovia sì fẹnu họ ọ́ dáadáa. Èmi ò lè bá wọn wí. Bàbá ni mo bá kẹ́dùn.

Ní 2005 ló kọ́kọ́ du ààrẹ. Ó ṣáájú ní ìpele kìn-ín-ní, ó wá ku òun àti Ellen Johnson Sirleaf, ìyá tó kàwé ní Harvard. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ìwé síta. Wọ́n ní kò parí sẹ́kọ́ńdírì, ṣé ẹsẹ̀ ni yóò fi fọwọ́ sí ìwé? Ìyá gba nǹkan bí ìbò 59 nínú 100, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sípò ààrẹ ní Áfíríkà. Weah kọ́kọ́ ní èrú wà nínú ìbò náà, àmọ́ ó padà jáwọ́. Ó padà sídìí ìwé, ó gba ti sẹ́kọ́ńdírì, ó lọ sí yunifásítì DeVry ní Amẹ́ríkà, ó gba dìgírì nínú ètò òwò. Ẹ ò rí i pé àwọn ará Ẹdẹ kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Ní 2011 ó gbà kí Winston Tubman ṣíwájú, òun ṣe igbákejì, wọ́n fìdí rẹmi. Lójú tèmi, ohun tó fà á ni pé ẹni iwájú ni wọ́n gbé sẹ́yìn.

Ní 2014 ó du sẹ́nétọ̀ Montserrado, ibi tí Monrovia wà. Ta ló kojú? Robert Sirleaf, ọmọ ààrẹ! Ọmọ ìyá tó nà án ní 2005. Ìbò 78 nínú 100 ni Weah fi nà án. Àwọn alátakò ní nígbà tó débẹ̀ tán kò sọ̀rọ̀, kò gbé òfin kankan wá. Kí lẹ retí? Ẹni iwájú kì í ṣiṣẹ́ láàárín pápá, ó ń dúró de bọ́ọ̀lù.

Bọ́ọ̀lù wá ní 2017. Ó fi nǹkan bí ìbò 61 nínú 100 na Joseph Boakai, igbákejì ààrẹ, lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì. Ta ló mú ṣe igbákejì tiẹ̀? Jewel Howard-Taylor, ìyàwó Charles Taylor àtijọ́. Ẹ má fún mi lójú bẹ́ẹ̀, Ìyá Ìbejì. Bẹ́ẹ̀ ni, Charles Taylor yẹn, ti ogun Láìbéríà. Pápá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ti ṣe ìbúra fún un ní oṣù kìn-ín-ní 2018. Ó gé ìdámẹ́rin owó oṣù ara ẹ̀, ó sì sọ ẹ̀kọ́ yunifásítì ìjọba di ọ̀fẹ́ fún àwọn tó ń wá dìgírì àkọ́kọ́. Ẹni tí wọ́n fi ìwé bú!

Àmọ́ ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Láìbéríà fẹ́ fi nọ́ńbà 14 ẹ̀ pa mọ́, wọ́n ní kí wọ́n fi ìdíje ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ṣe ìdágbére. Ta ni wọ́n pè? Nàìjíríà, àwọn tó gba Ife Àgbáyé lọ́wọ́ ẹ̀. Ààrẹ wọ aṣọ, ó so bàtà, ọmọ ọdún 51, ó jáde sórí pápá. Ṣé ẹ rò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò lò, kó juwọ́, kó lọ jókòó? Ìṣẹ́jú 79! Ẹ ro àwọn ọmọ wa tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn lọ́jọ́ yẹn. Ṣé èèyàn ń fi ẹsẹ̀ kọ́ ààrẹ orílẹ̀-èdè nílẹ̀ orílẹ̀-èdè ẹ̀, lójú àwọn ṣọ́jà ẹ̀? Síbẹ̀ a fi 2-1 nà wọ́n. Ojú wa gbẹ, àbí? Gbogbo èèyàn dìde fún un nígbà tó ń jáde.

Ìjọba kì í ṣe ìṣẹ́jú 79. Ọjà wọ́n, àwọn èèyàn yabo ojú títì ní 2019, Amẹ́ríkà fi òfin de mẹ́ta nínú àwọn èèkàn ìjọba ẹ̀ ní 2022, wọ́n ní wọ́n ń jẹ owó. Ó ń dá sáré, àmọ́ pápá gùn ju ti Verona lọ. Ní oṣù kọkànlá 2023, òun àti Boakai tún pàdé. Bàbá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 79. Ẹ gbọ́ ìbò: Boakai 50.64 nínú 100, Weah 49.36. Ìyàtọ̀ ò tó ẹgbẹ̀rún 21. Ààrẹ tó wà lórí oyè ni o, tó ní ọlọ́pàá, tó ní ṣọ́jà, tó ní rédíò. Ìbò tó súnmọ́ra báyìí, ìyẹn ibi tí àwọn tiwa á ti sáré gbé lọ́yà márùndínlógójì.

Kò dúró kí wọ́n kéde èsì tán. Lọ́jọ́ Jímọ̀ 17 oṣù yẹn, ó pe Boakai lórí fóònù, ó kí i kú oríire. Ó wá bọ́ sórí rédíò, ó ní ẹgbẹ́ òun fìdí rẹmi, àmọ́ Láìbéríà ló borí. Wọ́n ní iná ò jó, òkò ò fò. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo pàtẹ́wọ́ nídìí ọsàn mi. Mo ní agbábọ́ọ̀lù nìyẹn! Rẹfirí ti fọn fèrè. Ẹni tó ti gbọ́ fèrè yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún 18, ẹsẹ̀ ẹ̀ á dúró fúnra ẹ̀.

Kí lẹ wí? Jonathan, ààrẹ wa nígbà kan, ńkọ́? Hẹ̀n-ẹ́n. Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin náà ò dára. Òótọ́ ni, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2015, wọn ò tíì ka ìbò tán tó ti pe Buhari tó fi ìbò nà án lórí fóònù. Òótọ́ náà sì ni pé nípa ẹranko àti ẹja ló kà ní yunifásítì, a ò gbọ́ pé ó gbá bọ́ọ̀lù kankan sáwọ̀n ibì kankan. Ẹ dúró ná, ẹ dúró. Ta ló wà ní Otuoke nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé? Ṣé ọmọkùnrin wà tí kò gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé? Bóyá nọ́ńbà 6 ló ń gbá, àwọn yẹn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ tan hotspot yín fún mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kentucky á mọ̀ ọ́n.